Eneida àti Yàrá Ọkọ̀ Tó Ṣófo

Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Eneida Maysonet ti ń bá wọn lọ aṣọ nílé ìfọṣọ kan ní ìsàlẹ̀ Manhattan, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun rí òógùn lójú rẹ̀ rí láàárọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á dé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú kànga, aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn, wọ́n á máa ṣépè fún ìjọba àti fún ẹni tó kọ́kọ́ gbẹ́ ihò sábẹ́ ilẹ̀. Eneida á wọlé, á gbẹ táútáú, á gbé báàgì rẹ̀ kọ́, á tan áyọ́ọ̀nù, á wá bi wọ́n bóyá òjò ló pa wọ́n lọ́nà. Wọn kì í fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nígbà ooru.

Ooru abẹ́ ilẹ̀ New York kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹnu lásán bá jà. Ooru ojú títì, àbúrò ló jẹ́ fún un. Inú ọkọ̀ ojú irin máa ń tutù, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ooru tí ẹ̀rọ yẹn bá lé jáde, ibo lẹ rò pé ó ń lọ? Orí pèpéle ló ń tú u sí, lójú àwa tí a dúró. Ọkọ̀ á dé, á fẹ́ iná sí wa lára, á kó àwọn tó ráyè wọ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Eneida ní ọgbọ́n tirẹ̀, kì í sì í kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti ń lọ sùn, á gbé ike omi kan sínú fìríìsà; láàárọ̀ á fi tówẹ́lì wé e, á gbé e sẹ́yìn ọrùn. Kì í wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, nítorí pé aṣọ eérú a máa tú àṣírí abíyá fún gbogbo ayé. Búláòsì funfun kan tó ti lọ̀ dáadáa kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀, bí ogun bá dé. Ìpẹ̀kun pèpéle ló sì máa ń dúró sí, níbi ẹnu ihò, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ máa ń ti atẹ́gùn jáde síwájú ara rẹ̀. Àwọn tó dúró láàárín kì í rí nǹkan kan gbà nínú atẹ́gùn náà, ó sì máa ń wò wọ́n láti ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń wo àgùntàn.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, gbogbo ọmọ ìlú ló mọ̀ ọ́n, àtọmọdé àtàgbà. Bí ọkọ̀ bá dé láàárọ̀, tí yàrá mẹ́sàn-án nínú rẹ̀ kún fọ́fọ́, tí ọ̀kan ṣoṣo wá ṣófo, má wọ ọ̀kan yẹn. Kò sí nǹkan ọ̀fẹ́ ní New York. Yálà ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ ti kú, tí yàrá ti di ààrò, tàbí kí ẹnì kan ti ṣe nǹkan síbẹ̀ tí kò yẹ kí imú ọmọ èèyàn bá pàdé. Àlejò ló ń sáré wọ̀ ọ́, inú wọn á máa dùn pé àwọn rí ìjókòó. Kí wọ́n tó dé ibùdó kejì, wọ́n á ti máa fojú bẹ ilẹ̀kùn.

Nílé, ní Bronx, Eneida àti màmá rẹ̀ ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀, Wilfredo, ti kó lọ sí Florida ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ó ní òun ń sá fún òtútù. Bẹ́ẹ̀, òtútù tó ń sá fún ní orúkọ, Eneida ló ń jẹ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni màmá rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Doña Provi, gbé àpótí aṣọ mẹ́ta àti ìkòkò ìrẹsì kan gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì làwọn wá ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ti di ọdún mọ́kàndínlógún. Ìyá àtọmọ ń jà lórí fèrèsé, wọ́n ń jà lórí iyọ̀, wọ́n ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyá náà ti dé, Eneida kò tíì ṣílẹ̀kùn wọ ilé tó ṣókùnkùn rí. Láti àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ló ti máa ń gbóòórùn ẹ̀wà tí wọ́n ń sè dè é. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Doña Provi, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, wá lọ ń ta dómínò ní gbọ̀ngàn àwọn àgbà. Olè ni wọ́n nídìí dómínò, kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò bínú sí olè náà, Don Casimiro Lebrón, akunlé tó ti fẹ̀yìntì, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún, tí ìyàwó wọn ti kú tipẹ́. Ní oṣù Karùn-ún, bàbá yìí ká Doña Provi mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ti dómínò kan bọ àpò, wọ́n ní bí olè bá máa wọ ilé àwọn, kí ó kúkú jẹ́ ìyàwó. Bí wọ́n ṣe ń dẹnu ìfẹ́ kọ ara wọn ní gbọ̀ngàn àwọn àgbà nìyẹn. Wọ́n fẹnu kò pé ilé Don Casimiro làwọn yóò máa gbé, ibùdó ọkọ̀ mẹ́rin sí ti Eneida.

Nígbà tí wọ́n sọ fún Eneida, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó kó gbogbo aṣọ ibùsùn ilé jáde, ó lọ̀ wọ́n, títí kan èyí tí wọn kò tíì fọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Keje ni wọ́n dá fún ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù náà, aago mọ́kànlá àárọ̀. Rédíò ní ooru á wọ mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún lórí ìwọ̀n Fahrenheit, kí àwọn arúgbó má jáde nílé. Doña Provi pa rédíò. Wọ́n ti fi aró dúdú kun irun wọn, kò ku funfun kan níbẹ̀ mọ́. Wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ojú sánmà tó lápá gígùn, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dé itan, wọ́n ní ìyàwó kì í fi ẹsẹ̀ lásán rìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Don Casimiro ní mọ́tò, ó sì ní òun lè gbé gbogbo wọn. Ìyá ní kò ṣeé ṣe, ọkọ kò gbọdọ̀ fojú kan ìyàwó kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kọ́ọ̀tù tó máa so wọ́n pọ̀. Takisí ńkọ́? Wọ́n ní òòyì máa ń kọ́ àwọn nínú takisí, pé àwọn ti bì sínú ọ̀kan ní ọdún 1968, awakọ̀ yẹn kò sì tíì dárí ji àwọn. Ọkọ̀ ojú irin ló kù.

Wọn kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Ẹni tó bá pẹ́, akọ̀wé á pe ẹlòmíràn, ọjọ́ tó tún ṣófo sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Nígbà tí Eneida fi pẹ̀lẹ́ sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò kúkú pọ̀, ìyá rẹ̀ wò ó tìyanu-tìyanu.

"Casimiro ti pé ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rùn-ún," ni wọ́n wí. "Ta ló ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n tán, tó wá ní òun á jẹ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

Ó kù kí ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí ìwé níwájú akọ̀wé, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kò sí ìgbéyàwó. Eneida ni ẹlẹ́rìí náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyí. Eneida kò fẹ́ kí màmá rẹ̀ lọ, kò sì ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Kí ni yóò wí? Obìnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta tó bá ní kí ìyá òun má fi òun nìkan sílẹ̀ nílé, ṣé wọn kò ní fi ṣẹ̀sín títí dé Florida? Ó wá rò ó pé ohun tí ẹnu òun kò lè sọ, ooru lè bá òun sọ ọ́. Kò gbèrò pé kí nǹkan burúkú ṣe ìyá rẹ̀ o. Kí ó ṣáà rẹ̀ wọ́n díẹ̀ ni, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé ó tó, kí wọ́n padà wá jókòó síwájú fáànù, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, bóyá ọkàn wọn á yí. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ike omi dídì rẹ̀ kù sínú fìríìsà. Mo lè sọ pé ó gbàgbé rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni n bá máa pa.

Lẹ́nu àtẹ̀gùn ibùdókọ̀, ọkùnrin kan ń fá yìnyín sínú ife, ó ń da omi àjàgbọn lé e. Doña Provi ní kí àwọn ra ọ̀kan. Eneida ní omi àjàgbọn á ta sí aṣọ wọn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n òótọ́ lè jẹ́ ìkà nígbà mìíràn. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ooru dì mọ́ wọn bí ìbátan tí ẹnikẹ́ni kò ránṣẹ́ pè. Àwọn èèyàn dúró bámúbámú, gbogbo wọn la apá sílẹ̀ díẹ̀ kí ara má bàa kan ara, kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀. Eneida fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú wọn rìn dé àárín gbùngbùn pèpéle, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan tó ń làágùn bí èèyàn, ó sì dúró.

Doña Provi wo ìpẹ̀kun pèpéle lọ́ọ̀ọ́kán. Wọ́n bi í bóyá ibí làwọn máa dúró sí.

"Ibí dáa, Màámi," ni Eneida wí.

Ìyá yọ abẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n ń fẹ́ ara wọn lọ́rùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ọkọ̀ kan dé, ó kún, wọ́n jẹ́ kí ó kọjá. Ọ̀kan tún dé, èyí kún débi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó pa dé. Òógùn ti yọ lábẹ́ etí Doña Provi. Eneida rí i, inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ pé inú òun dùn.

Nígbà náà ni ọkọ̀ kẹta dé. Ẹ̀yìn kún, iwájú kún, àwọn èèyàn lẹ ojú mọ́ gíláàsì bí ẹ̀pà inú ìgò. Àfi yàrá kan, èyí tó dúró gẹ́lẹ́ níwájú wọn. Kò sí alààyè kan nínú rẹ̀.

Àwọn tó wà níbẹ̀ pín sí méjì lẹ́sẹ̀kan náà, wọ́n ya sọ́tùn-ún, wọ́n ya sósì. Ọkùnrin kan tó gbé àpótí irinṣẹ́, tí ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ti di adágún, sáré kọjá lọ fún ara rẹ̀ mọ́ yàrá kejì. Eneida di ìyá rẹ̀ lápá mú.

"Ẹ wò ó, Màámi. Àyè wà níbí."

Ọkùnrin onírinṣẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó rí wọn. "Ìyá, ẹ má wọ ibẹ̀ o," ni ó wí. "Ṣé ẹ ò rí i pé ó ṣófo ni?"

"Mo rí i," ni Doña Provi dá a lóhùn. "Ọmọ mi ló ń mú mi lọ. Ó mọ ọkọ̀ jù ẹ́ lọ."

Ọkùnrin náà wo Eneida bí a ṣe ń wo ẹni tó fẹ́ ta ìyá rẹ̀. Ìyá àtọmọ wọlé, ilẹ̀kùn pa dé.

Eneida ti fa èémí sínú, ó ti múra de iná. Òtútù ló kí i káàbọ̀. Kì í ṣe òtútù eré, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja ni. Kò sí òórùn kan àfi ti ọṣẹ. Ilẹ̀ mọ́, ìjókòó mọ́, ó wo òkè, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, ó ń wá ohun tó lé àwọn èèyàn, kò rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò sì le láti mọ̀. Níbi tí ọkọ̀ ti gbéra, ẹnì kan ti yọjú wo yàrá náà, kò rí ẹnikẹ́ni, ó ronú bí ọmọ ìlú, ó yà. Èyí tó tẹ̀lé e rí i tó yà, òun náà yà. Láti ibùdó dé ibùdó ni àwọn ọlọ́gbọ́n ti ń fún ara wọn pa nínú ooru, tí wọ́n ń sá fún yàrá tó tutù jù nínú ọkọ̀, nítorí pé kò sí òmùgọ̀ kan ṣoṣo láàárín wọn tí yóò fi ẹsẹ̀ kan tọ́ ọ wò. Àlejò kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba kí èèyàn mọ ìlú dáadáa.

Doña Provi ti jókòó. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àga iwájú, wọ́n yọ ìborùn kan nínú báàgì, wọ́n dà á bo èjìká. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Eneida."

"Màámi."

"Ní ọdún 1974, ta ló fi etí fà ẹ́ jáde nínú ọkọ̀ òfìfo?"

Eneida ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Mo ní ta ni?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ta ló kọ́ ẹ pé ìpẹ̀kun pèpéle lèèyàn ń dúró sí?"

"Ẹ̀yin náà ni, Màámi."

"O dúró láàárín. O ní kí n má ra yìnyín. Omi tó o máa ń gbé sọ́rùn bí ọmọ ọwọ́, mi ò rí i lónìí. Mo wá sọ fún ara mi pé, Provi, tẹ̀lé e, jẹ́ ká wo ibi tó máa já sí." Wọ́n mi ẹsẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀. "Ibi tó dáa ló já sí. O ò tiẹ̀ mọ ìkà ṣe."

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Eneida rò pé òun ló ni gbogbo ọgbọ́n abẹ́ ilẹ̀, àkísà ìyá rẹ̀ ló wọ̀ sọ́rùn láti ọjọ́ yìí wá. Ojú tì í débi pé ara rẹ̀ gbóná nínú òtútù náà. Ọkọ̀ ń sáré, iná ogiri ihò ń kọjá ní fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ̀ sì ń dúró dè é.

"Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ ni," ni ó sọ nígbẹ̀yìn. "Tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, kò ní sí ẹnikẹ́ni nílé."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń sè dè ẹ́, mi ò sì ráhùn. Ṣùgbọ́n Casimiro ń dáná, Eneida. Ó ń bù ú fún mi, ó á jókòó tì mí, ó á bi mí bóyá iyọ̀ tó. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ta ló bi mí bóyá iyọ̀ tó? Ṣé bàbá ẹ ni? Àbí ìwọ?"

Òtítọ́ ni, Eneida kò béèrè rí.

"Ìwọ ni ẹlẹ́rìí," ni Doña Provi tún wí. "Bí o ò bá fọwọ́ sí i, kò sí ìgbéyàwó, mi ò sì ní bá ẹ jà. A ó jọ padà sílé. Ṣùgbọ́n kí o fẹnu ara ẹ sọ ọ́ níwájú akọ̀wé. Má fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí mi."

Eneida la ẹnu, ó fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti dúró ní ibùdó, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ọkùnrin onírinṣẹ́ bọ́ jáde ní yàrá kejì láti gba afẹ́fẹ́, ó sì rí ìyàwó arúgbó tó da ìborùn bora nínú oṣù Keje. Ó wò wọ́n. Ó fi ẹsẹ̀ kan wọlé. Ojú rẹ̀ yí padà, ó wá ní, "Ó tutù," jẹ́jẹ́, bí ẹni tó rí owó he tí kò fẹ́ kí aráyé gbọ́. Aráyé gbọ́. Kí a tó ṣẹ́jú, yàrá ti kún, wọ́n ń fi ìgúnpá wá àyè, obìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín sókè. Ọkùnrin náà jókòó ní iwájú wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Doña Provi.

"Ọmọ mi ni kó o dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀," ni ìyá wí.

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Eneida. Eneida gbé ọpẹ́ náà mì bí ewúro. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀ Manhattan, èrò pọ̀ láàárín wọn, kò sí àyè ọ̀rọ̀ mọ́.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n sọ̀kalẹ̀, ooru tó sì ti dúró dè wọ́n lórí pèpéle yẹn kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ ti Bronx. Àtẹ̀gùn náà gùn, ó ní ìpele mẹ́ta. Doña Provi fọwọ́ di irin mú, wọ́n ń gòkè lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀, wọ́n ń kà á lábẹ́ èémí. Ní ìpele kejì ni Eneida rí i. Aró irun ìyá rẹ̀ ti ń yọ́. Ìlà dúdú kan ti sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀bá irun, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí, ó ń rọra lọ sí ọrùn aṣọ aláwọ̀ ojú sánmà. Ìyá kò mọ̀. Bí ó bá dé ọrùn aṣọ, kò ní sí fífọ̀ tó lè mú un kúrò, wọn ò sì ní gbà láti fara hàn níwájú Don Casimiro bẹ́ẹ̀ láéláé. Eneida mọ ìyá rẹ̀. Bí òun bá fẹ́ dá ìgbéyàwó náà dúró, kí òun ṣáà dákẹ́ ni. Kò ní ṣe ohunkóhun.

Ó ka ìgbésẹ̀ kan, ó ka ìkejì.

"Ẹ dúró, Màámi," ni ó wí. Ó fa búláòsì funfun inú báàgì yọ, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀, ó fi nu ẹ̀gbẹ́ etí, ó fi nu iwájú orí, ó fi nu ẹ̀yìn ọrùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tó bá ń nu àbàwọ́n lára sílíìkì. Búláòsì náà dúdú bí àpò eléèédú. Àwọn tó ń gòkè lẹ́yìn wọn ń kùn, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n fò kọjá bí wọ́n bá ní ìyẹ́. Ìgbà tó fi máa parí, òógùn ń ṣàn wálẹ̀ lójú òun náà, ó ń kán ní àgbọ̀n. Ìyá rẹ̀ wò ó, wọ́n ní kò jọ ara rẹ̀.

Don Casimiro jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ọ̀tù. Fèrèsé mọ́tò ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kò ṣeé ṣí, wọ́n sì ti wà nínú rẹ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. Bàbá náà jọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọmi ní ìjọ tí kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n fa èèyàn yọ. Òdòdó ọwọ́ wọn ti sùn. Wọ́n dìde, wọ́n wo Doña Provi láti òkè délẹ̀, ẹnu ń yà wọ́n bí ara wọn ṣe gbẹ.

"Eneida ló mú mi wá," ni ìyàwó wí.

Akọ̀wé náà jẹ́ obìnrin kan tó ní ìgbéyàwó mẹ́rìnlélógún láti ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sì fẹ́ fi ọ̀kankan ṣòfò. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n gbà, wọ́n gbà. Ó bi wọ́n bóyá tọkàntọkàn ni, Doña Provi ní ta ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú ooru yìí láìsí ọkàn. Ó ní kí ẹlẹ́rìí mú káàdì wá. Eneida fi káàdì lé tábìlì, ó gba bírò. Àyè tí wọ́n fà fún orúkọ rẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Ó gbé bírò sórí rẹ̀, ó dúró. Ìyá rẹ̀ kò wò ó. Wọ́n ń wo ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì Don Casimiro tó tutù. Akọ̀wé bi í bóyá ọ̀rọ̀ kan wà.

"Ó wà," ni Eneida wí. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi, mi ò fẹ́ kí ẹ lọ."

Don Casimiro di òdòdó mú bí ẹni tó di igi mú nínú omi. Doña Provi gbójú sókè, wọ́n sì wò ó dáadáa.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí.

Eneida tẹ̀ba, ó fọwọ́ sí i. Ó kọ orúkọ rẹ̀ tán pátá, kò gé e kúrú. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀, ó pe àwọn tó kàn.

Lẹ́yìn tí wọ́n jẹun, ọmọ ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n wọ mọ́tò, gbogbo wọn kọ̀, títí kan ọkọ. Wọ́n bá ọkọ̀ ojú irin padà. Yàrá tí wọ́n wọ̀ kò tutù, kò gbóná, ó kún níwọ̀nba. Wọ́n rí ìjókòó méjì gbà fún ìyá àtọmọ, Don Casimiro ní àwọn á dúró, pé ọkọ ìyàwó kì í jókòó. Doña Provi bọ́ bàtà. Wọ́n ń sọ bí akọ̀wé ṣe ń ka ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lé adìẹ, Eneida rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Àyà ọmọ balẹ̀ díẹ̀. Èjìká wọn kan ara, kò sì bìkítà pé ooru wà níbẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ń dẹ eré ní ibùdó Don Casimiro, Doña Provi ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. Wọ́n ní kí ó mú àpótí àwọn wá lọ́jọ́ Sátidé, kí ó má gbàgbé ìkòkò ìrẹsì, pé ẹ̀wà wà nínú fíríìjì tó lè jẹ dé ọjọ́ Àìkú bí kò bá wọ̀bìà. Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n dìde, Don Casimiro fún wọn ní apá. Ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀kùn pa dé. Eneida rí wọn lójú fèrèsé, wọ́n dúró lórí pèpéle, wọ́n ti ń jà lórí àtẹ̀gùn tó yẹ kí àwọn gbà.

Ọkọ̀ gbéra. Ó ku ibùdó mẹ́rin. Obìnrin kan tó gbé àpò ọjà méjì sún mọ́ ọn, ó bi í bóyá ẹnì kan wà ní ìjókòó yẹn.

"Màmá mi ni," ni Eneida wí.

Obìnrin náà tọrọ àforíjì, ó ti ń yà lọ.

"Rárá," ni Eneida wí. "Ẹ jókòó. Wọ́n ti sọ̀kalẹ̀."